Ẹ bá àwọn tó ń ṣe dayálísíìsì wá ẹni tí wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde lọ́dún 2025 pé àwọn já owó dayálísíìsì (ẹ̀rọ tó ń bá ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ fọ ẹ̀jẹ̀) wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn (ibi táwa ń lọ ò sí níbẹ̀ o), owó nìkan ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ó dáa, ẹni tí ò bá tíì sanwó ẹ̀ rí ló máa sọ pé owó ò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ń ṣàìsàn yẹn ńkọ́?

Ọkọ mi wà lára wọn. Bíi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kó jẹ́, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá tó á máa fò ó, tára á wú, tí mímí á le. Èyí táwọn èèyàn ò mọ̀ ni tilé. Omi tó ń mu, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́n, ìgò kékeré kan ni mo máa ń bu tàárọ̀ dalẹ́ sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sí, omi àgbọn ò sí, ẹ̀wà tó fẹ́ràn náà ò sí, ooru á sì máa mú. Ọkùnrin tó máa ń pàṣẹ nílé á wá máa bẹ ọmọ ẹ̀ pé kó bá òun jí yìnyín díẹ̀ kí màmá ẹ̀ tó dé. Lóru ara á máa yún un, kò ní sùn, á ní kí n jẹ́ kóun kú kí n lè fowó yẹn san owó iléèwé àwọn ọmọ. Dókítà máa ń béèrè BP, ó máa ń béèrè PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára), kò bi í rí pé ṣó ń sùn.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ní tiwọn, àwọn kan ní ayé ló ṣe é, àwọn kan gbé àgbo wá (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún oníkíndìnrín lágbo, ẹlòmíì ibẹ̀ ni tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀), tó bá sunkún wọ́n á ní ọkùnrin ni ẹ́, má ronú. Kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe?

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n mọra wọn dunjú, wọ́n ń jà lórí Chelsea àti Arsenal. Lọ́jọ́ tẹ́nìkan ò bá wá mọ́, nọ́ọ̀sì á ní ó ti ń ṣe é níbòmíì, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ẹlòmíì, ó parí. Alẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ mi kì í jẹun.

Àwọn kan ní kí wọ́n máa lọ rí dókítà ọpọlọ. Ta ló máa lọ? Ẹ dárúkọ Àró fún Yorùbá kan kẹ́ẹ wojú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àró yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ti jẹ́ káwọn aláìsàn máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn láti 1954, kò tì wọ́n mọ́lé. Ohun témi náà ń sọ nìyẹn, ẹ gbé ìtọ́jú bá wọn níbi tí wọ́n wà. Wákàtí mẹ́rin yẹn, àjà ni wọ́n ń wò. Kí káńsẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ (agbaninímọ̀ràn ni mò ń sọ, kì í ṣe ti kánsù o) fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kó bi wọ́n nípa oorun, nípa gbèsè, nípa ọ̀rọ̀ tọkọtaya (ẹni tọ́rọ̀ kàn á mọ ohun tí mò ń sọ). Kó jáde wá bá àwa tá a wà lórí bẹ́ǹṣì níta náà, torí àwa náà ò sùn. Kí ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an. Tí wọ́n bá tún ń ṣírò owó dayálísíìsì, kí wọ́n ṣírò owó oṣù káńsẹ́lọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ bá wa rán oníròyìn yín lọ bi àwọn kọmíṣánnà ètò ìlera wa, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, pé irú káńsẹ́lọ̀ bẹ́ẹ̀ mélòó ni wọ́n ní fún àwọn tó ń ṣe dayálísíìsì.

Ìyá Ìbejì,
Ìpínlẹ̀ Ògùn