Ìpàdé Sátidé: Iṣẹ́ Gertrude Berg La Ó Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kí yín o. Ní Sátidé yìí, a ó jọ gbọ́ iṣẹ́ Gertrude Berg, ọmọ New York tí wọ́n bí ní 1899. Ní oṣù Kọkànlá 1929 ni eré rẹ̀ nípa ìdílé Goldberg bẹ̀rẹ̀ lórí NBC, iléeṣẹ́ rédíò kan ní Amẹ́ríkà. Òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń ṣe Molly, ìyá ilé. Nígbà tó yá, eré oníṣẹ́jú 15 ló ń kọ lójoojúmọ́; iṣẹ́ ńlá gbáà ni!

Ẹ fetí sí bí Molly ṣe ń ké pe aládùúgbò rẹ̀ lójú fèrèsé. Kí àwọn tó ń kọ eré láàárín wa mú ojú ìwé kan tiwọn dání.