Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn ajalèlókun fún ọ̀dọ́ ìjọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ajalèlókun àti ìṣúra abẹ́ òkun fún àwọn ọmọ ìjọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí i pé òkun inú ìwé kì í ṣe òótọ́ kò ní í ka ìwàásù inú rẹ̀ sí.

Ẹ wo ọkọ̀ Whydah. Orúkọ ìlú Ouidah ní Benin ni wọ́n fi sọ ọ́, torí òwò ẹrú ni wọ́n ṣe kàn án. Ó ti kó àwọn èèyàn láti Áfíríkà lọ tà ní Jamaica kí ọ̀gá ajalèlókun Sam Bellamy àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tó lé e bá ní February 1717. Wọn ò ri owó inú ọkọ̀ náà mọ́ erékùṣù kankan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní Boston pé inú yàrá ọ̀gákọ̀ ni wọ́n ti kà á, wọ́n dì í sí àpò fún ọkùnrin 180, wọ́n sì kó o sínú àpótí láìfi ẹ̀ṣọ́ tì í.

Lóru April 26, ìjì ká wọn mọ́ Cape Cod, etíkun kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé ìgbì gbé ọkọ̀ mì. Etíkun ló ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun ńlá kò lè dojú kọ atẹ́gùn; tí atẹ́gùn bá ń tì í sí ilẹ̀, ìdákọ̀ró nìkan ló kù, inú yanrìn sì rèé, wíwọ́ ni ìdákọ̀ró máa ń wọ́. Ìdí ọkọ̀ á gúnlẹ̀, ìgbì á dojú rẹ̀ dé, àwọn ìbọn àgbá á já, wọ́n á sì fọ́ ọkọ̀ láti inú. Lúùkù mọ̀ ọ́n kọ: nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27, àwọn atukọ̀ wọn jíjìn omi, ó jẹ́ fathom ogún, wọ́n tún wọ̀n ọ́n níwájú díẹ̀, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ilẹ̀ ti ń sún mọ́ wọn. Kíá ni wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀, síbẹ̀ àyà èèyàn á já.

Ní ti ìṣúra, Barry Clifford, ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó rì, rí àwókù Whydah ní 1984; agogo tí orúkọ ọkọ̀ wà lára rẹ̀ ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1985. Omi iyọ̀ kì í ba wúrà jẹ́. Fàdákà á dúdú, á lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin àti yanrìn títí á fi di òkúta, ẹ̀rọ x-ray ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpótí onígi tí omi bò láìsí yanrìn lórí rẹ̀, kòkòrò inú òkun á ti jẹ ẹ́ tán. Bí ẹ bá gbé ìbọn onírin jáde, tí ẹ jẹ́ kó gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á là á. Inú omi ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á fi iná mànàmáná kékeré fa iyọ̀ náà jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ọdún. Nítorí náà, kí ọmọdé ṣí àpótí kí fàdákà máa kọ mànà, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìrònúpìwàdà ló jẹ mí lógún jù. Ajalèlókun mẹ́fà ni wọ́n yẹgi fún ní Boston ní November 1717. Àlùfáà Cotton Mather bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀wọ̀n dé ìdí igi, ó ń pè wọ́n wá sọ́dọ̀ Kristi. Mather kan náà ni ìjọ rẹ̀ ra ọmọ Áfíríkà kan fún ní 1706, ó sì sọ ọ́ ní Onesimus. Wọ́n dá Thomas Davis sílẹ̀, káfíńtà tí wọ́n fipá mú wọ ẹgbẹ́. John Julian, ọmọ ẹ̀yà Miskito ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tó yè bọ́ lọ́wọ́ òkun náà, wọ́n tà á lẹ́rú. Sákéù ní òun á dá owó padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí akọni yín tó rí wúrà Whydah bèèrè èèyàn tí wọ́n tà kí wúrà náà tó wọ ọkọ̀, kó tó fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì fún Julian ní orí ìwé kan.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn