Ẹ má yọ máàkì ọmọ torí "no te escucho" mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Sípéènì á ti rí i kà.

Ọ̀rọ̀ "oír" àti "escuchar" ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń ṣàlàyé méjèèjì, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó wà lẹ́nu ọmọ yẹn gan-an ló yá jù. "Oír" ni kí ohùn ṣáà ti wọ etí ẹ, bóo fẹ́ bóo kọ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lóru, o gbọ́ ọ, "oyes" nìyẹn. "Escuchar" ni kóo dìídì tẹ́tí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà, "to" inú "listen to", ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kọ "escucho a la radio", nígbà tó jẹ́ "escucho la radio" ni, bí àwa náà ṣe ń sọ pé mò ń gbọ́ rédíò, kò sí nǹkan kan láàárín, àfi tó bá jẹ́ èèyàn lò ń tẹ́tí sí, ìgbà yẹn ni "a" máa wọlé, "escucho a mi madre", mò ń tẹ́tí sí ìyá mi.

Ibi tó yẹ kí tíṣà ti ṣọ́ra ni pé "gbọ́" tiwa gbòòrò ju tiwọn lọ. Àwa ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè, ọmọ sì ń gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ọmọ Yorùbá tó bá sọ pé "oigo español", pé òun gbọ́ èdè náà ló rò pé òun ń sọ, "entiendo", ìyẹn ó yé mi, ló yẹ kó lò.

Mo tún rí i pé àwọn ọmọ ń sá fún "oír" torí pé ó ń yí pa dà ṣáá, oigo, oyes, oímos, oyen, "escuchar" sì rọrùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá o! Òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn lójú títì, "oye" fún ẹgbẹ́ ẹni, "oiga" fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí "gbọ́ ná" àti "ẹ gbọ́ ná" tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ò lè fi ìyẹn hàn yín.

Èyí tó ń dùn mí jù wá ni ti máàkì. Ọmọ kọ "no te escucho", ìyẹn mi ò gbọ́ ẹ, fún ẹni tí fóònù ẹ̀ ò já geere, wọ́n fi bírò pupa fa igi sí i, wọ́n ní "no te oigo" nìkan ló dáa. Lóòótọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní Sípéènì nìyẹn, àmọ́ ní Mẹ́síkò àti Ajẹntínà, "no te escucho" ló wà lẹ́nu wọn, "se escucha mal", ìyẹn kò dún dáadáa, náà ń bẹ. Àjọ tó ń bójú tó èdè wọn, ìyẹn Real Academia Española, sọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2005 pé "oír" ló bójú mu jù níbẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n pé ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé gidi ti ń lo "escuchar" bẹ́ẹ̀, kò sì tọ́ kéèyàn bá ẹnikẹ́ni wí torí ẹ̀. Ìwé kan náà ní "oír" fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dúró síbi gbogbo tí "escuchar" bá wà. Tí àwọn tó ni èdè ò bá bínú, kí ló wá dé tí tíṣà tiwa ń bínú? Ẹ kọ méjèèjì sí pátákó, kẹ́ẹ sọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ sì dá máàkì ọmọ náà pa dà fún un.

Èmi òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn.