Wọ́n Ní Kí Columbus Dìde Lórí Àga

Castries, Saint Lucia

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ooru ibí kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, àfi pé atẹ́gùn òkun máa ń bá wa ṣẹ́ ẹ díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

O ní kí n sọ ohun tí mo rí ní Castries yìí, olú ìlú erékùṣù Saint Lucia ní òkun Caribbean, fún ọ. Gbàgede kan wà láàárín ìgboro, ilé ìkàwé wà lápá kan, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá wà lápá kejì, igi samaan ràbàtà kan sì ṣíji bo ibẹ̀. Wọ́n ní igi náà ti lé ní 400 ọdún. Ta ló wà níbẹ̀ tó kà á? Láti 1892, Columbus Square ni wọ́n ń pe gbàgede yìí, orúkọ Christopher Columbus, atukọ̀ òkun ará Yúróòpù ayé àtijọ́. Nígbà tí Derek Walcott, akéwì ọmọ ìlú yìí, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992, wọn ò wá títì kan lẹ́yìn ìlú láti fi orúkọ rẹ̀ sọ. Columbus ni wọ́n ní kó dìde lórí àga. Láti 1993, Derek Walcott Square ni.

Ìyẹn wú mi lórí ju ère lọ. Ère wà o, ti Walcott àti ti Arthur Lewis tó gba Nobel ọrọ̀ ajé ní 1979. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́, Lewis ní 1915, Walcott ní 1930. Èèyàn erékùṣù yìí kò sì tó 200,000. Ìbàdàn á gbé wọn mì, kò ní mọ̀ pé òun jẹun.

Wọn ò sì dúró dìgbà tí Walcott kú kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede. Ẹni ọdún 63 ni nígbà tí wọ́n ṣe é, ó sì tún lo ọdún 24 láyé. Ọ̀gá wa Soyinka gba Nobel tirẹ̀ ní 1986, ṣùgbọ́n 2024, tó pé ẹni 90 ọdún, ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn eré Ìgànmú. Ọdún 38! Èmi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ìyá Walcott, tíṣà tó tún ń ránṣọ, ló wá 200 dọ́là tí ọmọ fi tẹ ìwé ewì àkọ́kọ́ ní 1948, ọmọ náà sì ń tà á fún àwọn ọ̀rẹ́ títí owó fi padà. Ọdún yẹn náà ni iná jó ọ̀pọ̀ ìgboro yìí. Ní 2017, inú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wí yẹn ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un, kí wọ́n tó lọ sin ín sí orí òkè Morne Fortune. Dunstan St. Omer, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ya àwòrán ara ògiri ibẹ̀.

Àmọ́ gbọ́ èyí. Nínú *Omeros*, ewì gígùn rẹ̀ tó jáde ní 1990, apẹja kan tó ń jẹ́ Achille rí ara rẹ̀ létí odò kan ní Áfíríkà, ó sì pàdé bàbá rẹ̀. Afolabe lorúkọ bàbá náà! Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹra díẹ̀. Nígbà tí ìjì dé nínú ewì ọ̀hún, Ògún àti Ṣàngó pẹ̀lú òrìṣà àwọn Gíríìkì ló jọ ń ṣe fàájì lókè. Kì í sì í ṣe àlá akéwì lásán: ní Babonneau, ní erékùṣù yìí, àwọn ìdílé kan jogún ètùtù tí wọ́n ń pè ní Kele, àgbò ni wọ́n ń pa fún Ṣàngó, ẹdùn àrá sì wà níbẹ̀.

Mo ti ra *Omeros* kan sílẹ̀ fún ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ nílé, màá fi rán an. Kọ́kọ́ wá ojú ìwé Afolabe, kí o tó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kí o sì kọ̀wé sí mi lórí rẹ̀. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Àkànní