Pàṣán Tó Wà Lájà: Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ sì kú ìnáwó oṣù Kínní, oṣù tó gùn ju ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àti ìdánwò lẹ ń retí kí n kọ́kọ́ sọ. Màá débẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìparí sáà tó kọjá, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lórí WhatsApp kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, ọmọ JSS1 kan wá bá nọ́ọ̀sì wa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó ní òun ṣubú ni. Nọ́ọ̀sì wo ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ó ní ta ló ń ṣubú tí orúnkún méjèèjì á bó lọ́gbọọgba, tí òkúta wẹ́wẹ́ á sì há sí ọ̀tún há sí òsì? Ọmọ náà dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn tún dé pẹ̀lú irú ọgbẹ́ kan náà. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé ni.

Ohun tí a rí nígbà tí a tú u wò nìyí. Alẹ́ kan wà tí àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ náà ń pè ní "Wẹ́kọ̀ọ̀mù". Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti paná tán, wọn á kó àwọn ọmọ tuntun lọ sẹ́yìn táǹkì omi. Àwọn ọmọ á fi orúnkún rìn lórí òkúta yí táǹkì ká, wọn á mu gààrí tí wọ́n ti da iyọ̀ àti ata gígún sí, wọn á kó ìdajì ohun jíjẹ tí ẹ rà fún wọn sílẹ̀, wọn á sì búra pé ẹnu àwọn kò ní gbọ́ ọ. Ọmọ SS3 kan sọ fún mi pé bí òun ṣe wọlé ni òun ti bá a. Olùkọ́ eré ìdárayá mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ, ó rò pé eré ọmọdé ni. Èmi ni mo gba olùkọ́ náà síṣẹ́. Ilé tí mo ń sùn kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí táǹkì yẹn. Nítorí náà, ẹ dárí jì mí, kí n tó dá ẹnikẹ́ni mìíràn lẹ́bi.

Mo pe balógun ẹgbẹ́ náà. Kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Mà, wọ́n ṣe é fún àwa náà." Ọmọ yìí kì í ṣe ọmọkọ́mọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ náà ni àwọn bàbá wa fi pa á lówe pé pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ohun tí òwe yẹn kò sọ ni pé ìyàwó tó jẹ pàṣán lánàá, òun náà ni yóò gun àpótí lọ mú un lájà lọ́jọ́ tí ìyàwó tuntun bá dé.

Èmi náà ti mú un rí. Ilé ìwé ọmọbìnrin tí a ń sùn síbẹ̀ ni mo lọ. Ní fọ́ọ̀mù wáànù, síníọ̀ mi máa ń jí mi láago mẹ́rin ìdájí kí n lọ pọn omi fún òun, bí kàǹga bá sì gbẹ, ẹjọ́ mi ni. Nígbà tí mo dé fọ́ọ̀mù fáìfù, mo ní ọmọ tèmi, júníọ̀ tó ń sìn mí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi òkú àgbà kan, obìnrin kan tí ewú ti wà lórí ẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi: "Ẹ káàsán o, Síníọ̀." Inú mi dùn, mo fà á dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rántí alẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. N kò rántí nǹkan kan. Ó ní mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lé òun lórí, mo ní kí òun kúnlẹ̀ títí n ó fi kàwé tán, ni mo bá sùn lọ. Ó rántí iye ìgbà tí agogo lù kí ilẹ̀ tó mọ́. A jọ jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Ìrẹsì ọ̀hún kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé nígbà tí a pe àwọn òbí ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, bàbá kan sọ fún mi pé, "Pírínsípà, àwa náà jẹ irú ìyà yìí, kò pa wá. Òun ló sọ wá di ọkùnrin." Ìyá ọmọ mìíràn ní ayé ti bà jẹ́ nítorí pé a kì í fìyà jẹ ọmọ mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mo ní èsì. Ẹni tí kò pa ló wà níbí tó ń ròyìn. Lọ́nà kejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣà wa ni. Ẹni tó bá ti lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ti rí àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan lẹ́yìn òmíràn, nínú aṣọ wọn, níwájú Awùjalẹ̀, lójú ayé. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dá, aṣọ ni wọ́n ń jọ ń rà. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba fúrídọ̀ọ̀mù, ìyá rẹ̀ á se ìrẹsì, ọ̀gá rẹ̀ á gbàdúrà fún un níṣojú àwọn ará àdúgbò. Kí ọmọ kí síníọ̀ rẹ̀, kí ó bá a gbé ẹrù, kí ó dìde fún un lórí àga, mo fọwọ́ sí gbogbo ìyẹn. Ewo ni ti òkúta wẹ́wẹ́ lóru?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó le àti ìyà, ẹ bi ara yín léèrè bóyá wọ́n á lè ṣe é bí òbí bá gbé àga wá jókòó wòran. Bí olùkọ́ bá ní kí gbogbo ẹgbẹ́ sá pápá yíká ní ìgbà mẹ́wàá lójú ọ̀sán, àgbà àti ọmọdé, ẹ lè wá wòran. Bí ó bá jẹ́ àwọn tuntun nìkan, lóru, pẹ̀lú ìbúra, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní ọmọ náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò fẹ́ kí wọ́n lé òun kúrò nínú bọ́ọ̀lù, kí ni kò ní gbà?

Nǹkan tí ojú kò rí ló ń pa èèyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, òtútù òru, òùngbẹ àti làálàá tó pọ̀ lè gbé ìrora rẹ̀ dìde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá fipá mú ọmọ fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí agbára rẹ̀ fi tán, ẹran ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Kóòkì, kí kíndìnrín rẹ̀ sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo. Omi lásán pàápàá ń pani. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, ní yunifásítì kan ní ìlú Chico ní Kalifọ́níà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan fipá mú ọmọ ọdún 21 tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn ṣe eré ìdárayá nínú yàrá abẹ́ ilé tó tutù, wọ́n ń fún un lómi mu, wọ́n ń fún un lómi mu, títí omi náà fi pa á. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ẹgbẹ́ onífèrè yunifásítì Florida A&M lu ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn pa nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé lọ síbi eré. Ẹgbẹ́ onífèrè ni o, àwọn tó ń fun fèrè tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo sọ èyí fún àwọn òbí tó rò pé ẹgbẹ́ òkùnkùn nìkan ni kí àwọn máa ṣọ́.

Ní tiwa níbí, a mọ ibi tí irú ọ̀nà yẹn ń já sí. Lọ́dún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ láti tako ìgbéraga àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó. Kì í ṣe láti pààyàn. Àwọn tó wá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ló gbé e lọ síbòmíràn, títí ó fi di ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ lóru, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2021 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ọdún 15 fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ilé òun ṣe ibi ìpàdé. N kò sọ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ti di bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti kọ́ láti jìyà lóru kó sì pa ẹnu mọ́ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ àwọn tó ń dúró dè é ní yunifásítì ti dín kù nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ẹ má bi ọmọ léèrè pé, "Ṣé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́?" Rárá ni yóò sọ. Ẹ bi í pé ta ló ń pọn omi fún, aṣọ ta ló ń fọ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí ni wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó wọ ẹgbẹ́. Ẹ wo orúnkún, ẹ wo ìdí. Mílò ńlá tó tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má kàn bú ọmọ ní alájẹjù. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń sá kiri bí síníọ̀ kan bá kọjá, tí ó ń béèrè owó tí kò lè sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, tí ó dédé ní òun kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó ti ń gbá láti kékeré mọ́, ẹ jókòó tì í. Ẹ má ké mọ́ ọn. Ọjọ́ kan kì í tó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àwọn ọmọ kíláàsì SS1 sí SS3 gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí ẹ̀yin kì í rò pé ọ̀rọ̀ kàn yín. Nígbà tí ọmọ yín bá délé fún ìsinmi, ẹ tú àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá rí síbí tí ẹ kò rà, bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀, kóòmù tí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wà lára rẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n fún un ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa "ọmọ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì", ẹ bi í pé kí ni ọmọ náà ń ṣe fún un, kí ni òun náà ń ṣe fún ọmọ náà. Síníọ̀ tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò wà, mo mọ̀ wọ́n, inú mi sì ń dùn sí wọn.

Ní tiwa, a yọ balógun náà kúrò nípò, a sì dá òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. A kò lé wọn lọ. Àwọn olùkọ́ kan ní ó yẹ kí n lé wọn. Èmi wò ó pé bí mo bá lé wọn, wọn á gbé pàṣán náà lọ sí ilé ìwé mìíràn. Láti sáà yìí, kò sí pírífẹ́ẹ̀tì tó láṣẹ láti fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni kí ó kọ, kí ó mú un fún olùkọ́. (Wọ́n ti ń kùn sí mi lórí ìyẹn. Kí wọ́n máa kùn.) Àwọn JSS1 yóò máa sùn ní ilé tiwọn, mátírọ́nì yóò sì máa bá wọn sùn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ gba ọmọ tuntun, orí àsẹ́ńbílì ọjọ́ Ẹtì ni, níwájú gbogbo wa, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. A tan iná sẹ́yìn táǹkì omi. Ẹ lè bi mí pé èéṣe tí kò fi síná níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò ní èsì tó dáa.

Ó ku àwọn nǹkan kéékèèké. Owó ilé ìwé kò lé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jẹ gbèsè sáà tó kọjá, ẹ wá rí akápò, ẹ má fi ọmọ rán iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Sátidé kejì oṣù Kejì ni ìbẹ̀wò, láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò wáyé láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ eré ìdárayá yóò sì wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè yín fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ SS3 tí fọ́tò WAEC wọn kò tíì dé, ẹ yára. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wá.

Ẹ sì bá wa kọ orúkọ ọmọ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mọ́kànlá ló wà ní ọ́fíìsì mi báyìí tí a kò mọ ẹni tó ni wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé Ìwé