Báńkì ló kó lọ, àkáǹtì wa ni wọ́n ní ó sùn

Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń dáko kàjú ní ìhà Ṣakí, lọ gba owó tí wọ́n fi pamọ́ sí báńkì kí wọ́n lè fi ra páànù. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, àkáǹtì yín ti sùn o. Ẹ lọ mú fọ́tò pélébé, nọ́ńbà NIN àti ìwé owó iná wá." Ìwé owó iná kẹ̀! Abúlé tó jẹ́ pé òpó lásán ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ìbò, tí wáyà kan ò gorí rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí màmá tún tẹ̀ka, ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n. Ọkọ́ àti oje kàjú ti jẹ ìlà ọwọ́ wọn tán.

Òfin àwọn báńkì ni pé bí oníbàárà kò bá fowó sí i, tí kò sì gbà níbẹ̀ fún ọdún kan, àkáǹtì ti sùn nìyẹn. Àgbẹ̀ wo ni wọ́n bi kí wọ́n tó ṣe é? Láti Èrèlé sí Ẹ̀bìbí là ń ta kàjú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí ọdún kan kò bá so, kí la ó fi sí i? Owó tí a sì ń tọ́jú de ilé kíkọ́, ṣé a ó máa lọ fọwọ́ kàn án lóṣooṣù ni?

Ẹ̀ka báńkì wà nítòsí wa tẹ́lẹ̀. Adigunjalè wọ ibẹ̀, báńkì tilẹ̀kùn, ó di àwátì. N kò bá wọn wí pé wọ́n bẹ̀rù. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ffà lọ́dún 2018, nígbà tí adigunjalè kọlu àwọn báńkì ibẹ̀, tí wọ́n sì pa èèyàn. Ṣùgbọ́n báńkì ló kó lọ o, àwa kọ́! Lọ́dún 1977, ìjọba mú un ní dandan fún àwọn báńkì kí wọ́n lọ ṣí ẹ̀ka sí ìgbèríko. Lónìí, àwọn ọ̀gá tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù nílùú ńlá kò rántí pé ìgbèríko wà.

Oṣù Agẹmọ 2024 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tún gbé ìlànà jáde pé owó tó bá sùn fún ọdún 10 yóò kúrò ní báńkì lọ sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní olówó lè béèrè rẹ̀ padà, pé orúkọ yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báńkì. Lọ́dọ̀ wa, abẹ́ igi máńgòrò kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí báńkì máa gbé ọkọ̀ wá sọ́jà wa lọ́jọ́ ọjà, nígbà kàjú. Kí wọ́n má gbé kọ́bọ̀ dání, kí olè má baà rí nǹkan jí. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka àti òṣìṣẹ́ tó láṣẹ láti jí àkáǹtì ti tó. Kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ìka kò bá gbà, kí wọ́n ya fọ́tò ojú. Kí lẹ́tà baálẹ̀ dípò ìwé owó iná, nítorí baálẹ̀ mọ ilé oníkálukú. Kí wọ́n má sọ pé kò ṣe é ṣe: àwọn tó ń ta síìmù ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn lọ́jà wa, wọ́n ń gba ìka, wọ́n ń ya fọ́tò, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìwé owó iná.

Kí wọ́n sì máa pe èèyàn lórí fóònù, lédè Yorùbá, kí àkáǹtì tó sùn. Àwọn oní-POS náà, ẹ fún wọn láṣẹ díẹ̀ sí i. Owó sísan, owó gbígbà àti owó fífi ránṣẹ́ ni wọ́n ń bá wa ṣe, wọ́n á sì tún bu tiwọn lórí rẹ̀.

Ọjà wa ń ná lọ́rọọrún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọn kàjú, àyè ọkọ̀ kan wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ àgbẹ̀ kan,
Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.