Ábúrámù gba Lọ́ọ̀tì, ó sì padà wálé

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa tí kò tán títí a fi pa iná ilé ìsìn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ní kí àwọn ìjọba tó lágbára máa rán ọmọ ogun lọ bá àwọn agbésùnmọ̀mí níbikíbi tí wọ́n bá fara pamọ́ sí, torí bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Arábìnrin kan dá a lóhùn pé Jésù ti ní kí Pétérù ti idà rẹ̀ bọ àkọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mi ò dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fẹ́ lọ gbàdúrà lé e lórí ná.

Òkè Sinjar ní àríwá Ìráàkì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó pe ara rẹ̀ ní Ìjọba Ìsìláàmù, ya wọ abúlé àwọn Yazidi, àwùjọ kékeré kan tó ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n kó àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin lọ tà bí ẹrú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá gun orí òkè náà nínú ooru, láìsí omi, òùngbẹ sì pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ òfurufú ju omi àti oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ó tún ju bọ́ǹbù lu àwọn tó dó ti òkè náà, àwọn jagunjagun ẹ̀yà Kurd sì la ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Síríà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ó sàn kí á fi àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí ọwọ́ tiwa lè mọ́, mi ò lè ṣe àmín sí i.

Ábúrámù pàápàá kò jókòó nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọba kan ti kó Lọ́ọ̀tì, ọmọ arákùnrin rẹ̀, lẹ́rú. Ó kó ọkùnrin 318 tí a bí sí ilé rẹ̀, ó lépa àwọn ọba náà kọjá Dámásíkù, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Síríà lónìí. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti ka orí 14 ìwé Jẹ́nẹ́sísì, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀ tó mú mi lọ́kàn. Ó mọ ẹni tó ń lọ gbà. Ó gbà á, ó sì yí padà sílé. Ọba Sódómù ní kó máa kó ẹrù lọ, Ábúrámù ní òun kò ní í mú fọ́nrán òwú, òun kò ní í mú okùn bàtà.

Ibẹ̀ gan-an ni ogun ayé òde òní ti ń ṣìnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí pa èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ní Amẹ́ríkà, ilé aṣojú-ṣòfin wọn dìbò láti fún Ààrẹ láṣẹ ogun. Àwọn 420 ní bẹ́ẹ̀ ni. Barbara Lee, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú-ṣòfin náà, nìkan ló ní rárá. Kò ní kí wọ́n fi àwọn apànìyàn sílẹ̀ o. Ogun tí kò ní òpin ló ń bẹ̀rù, ó sì rán wọn létí ohun tí àlùfáà kan sọ níbi ìsìn ìrántí àwọn òkú lọ́jọ́ náà, pé bí wọ́n ti ń gbé ìgbésẹ̀, kí àwọn fúnra wọn má di ibi tí wọ́n kórìíra. Wọ́n halẹ̀ ikú mọ́ ọn nítorí rẹ̀. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, àṣẹ kan náà ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí láti bá ISIS jà, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìdìbò yẹn. Ní Afganísítáànì, ogun náà gba ogún ọdún, àwọn Taliban tí ogun náà kọ́kọ́ lé kúrò lórí ìjọba sì tún wọ Kabul, olú ìlú ibẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mosul, ìlú ńlá kan ní àríwá Ìráàkì, torí òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó yẹ kí wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ ISIS, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ni àwọn ará ibẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2017, ayìnbọn méjì wà lórí òrùlé ilé kan. Ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí wọn. Ilé náà wó, ó pa àwọn ará ìlú tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun abúgbàù tí ISIS kó síbẹ̀ ló bú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nítorí ọkùnrin méjì ni, ẹ̀yin ará mi. Ọlọ́run tó gbọ́ igbe orí òkè Sinjar gbọ́ ti abẹ́ àwókù ilé yẹn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan tún dùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ń sọ pé "àwọn Mùsùlùmí" nígbà tó fẹ́ sọ pé agbésùnmọ̀mí. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ISIS pa ní Mosul. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Nítorí náà, àgbà wa, mo gbà pé ìgbà mìíràn wà tó yẹ kí ọmọ ogun lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè súre fún ogun tí ẹni tó pè é kò lè dárúkọ Lọ́ọ̀tì tó ń lọ gbà, tí kò sì mọ ohun tí yóò rí kó tó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Arábìnrin wa, ìbẹ̀rù tó ní fún ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àìgbàgbọ́. Olúwa fún Dáfídì ní ìṣẹ́gun, síbẹ̀ kò jẹ́ kó kọ́ tẹ́ńpìlì, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀.

Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, a ó gbàdúrà fún àwọn Yazidi tó lé ní 2,000 tí a kò tíì rí láti ọdún 2014, fún àwọn ẹbí tó pàdánù èèyàn wọn ní Mosul, àti fún àwọn ọmọ ogun tó ti délé tí oorun kò kùn wọ́n mọ́. Mo ti bẹ àgbà wa àti arábìnrin wa pé kí àwọn méjèèjì jọ darí àdúrà náà. Wọ́n ti gbà.